Ìgò Tí Mo Gbé Pamọ́ Ní Peckham

Ẹ̀yin ará Ìwó, ẹ kò jẹ́ kí n sinmi láti ọjọ́ tí mo ti dé. Ẹ ní kí n sọ bí ìlú òyìnbó ṣe rí. Ṣé lóòótọ́ ni òtútù ibẹ̀ ń pa ènìyàn? Ṣé lóòótọ́ ni wọn kì í kí ara wọn? Gbogbo rẹ̀ ni mo máa sọ. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lọ́kàn mi jù kì í ṣe òtútù. Mo parọ́ ní London. Irọ́ kékeré ni, irọ́ tí ẹnikẹ́ni nínú yín lè pa láàárọ̀ kó sì gbàgbé rẹ̀ kí ó tó di ọ̀sán. Ọmọ Japan kan tó ń ta omi ìlera ló jẹ́ kí n mọ bí irọ́ náà ti wúwo tó.

Ibi tí mo gúnlẹ̀ sí

Mi ò ní í fi ọ̀rọ̀ bàálù dá yín dúró. Ènìyàn jókòó, ó jẹun, orúnkún dùn ún, ó délẹ̀. Ó tán.

Àbúrò mi, Muíbátù, ló ránṣẹ́ pè mí. Ọmọ ìyá kan náà ni wá; ẹ̀yìn mi yìí ni mo fi pọ̀n ọ́n. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tó ti ń gbé ní Peckham, ní apá gúúsù London, ó sì ní ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ níbẹ̀. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ sí orúnkún rẹ̀, ó ní òun ń fẹ́ rí ojú mi. Èmi náà ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà. Ògì tí ìyá wa fi tọ́ wa ni èmi náà ń ṣe báyìí, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń pè mí ní Ìyá Ológì. Mo fi ìkòkò mi sílẹ̀ fún Sikírátù ọmọ mi, mo lọ.

Mo ti múra sílẹ̀ de òyìnbó. Mo ti to gẹ̀ẹ́sì mi sẹ́nu, gẹ̀ẹ́sì tíṣà àtijọ́, tó gbó dáadáa. Bí mo ṣe sọ̀ kalẹ̀ ní Peckham, obìnrin tó kọ́kọ́ bá mi sọ̀rọ̀ ní, "Mummy, ẹ yà fún mi díẹ̀ o, ẹrù yìí wúwo." Mo wò yíká. Ata rodo wà nínú abọ́ níwájú ṣọ́ọ̀bù, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà wà lórí pákó, ẹnì kan sì ń pariwo Jésù nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Mo ní, "Muíbátù, ṣé ó dá ọ lójú pé mo ti kúrò ní Nàìjíríà?" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di orúnkún rẹ̀ mú.

Òtútù ló fi hàn mí pé mo ti kúrò nílé. Ẹ ò lè mọ̀ ọ́n láti ẹnu mi. Ó máa ń wọ inú eyín.

Ní ti ìwà wọn, ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni pé bí ẹ bá tẹ ènìyàn lẹ́sẹ̀, òun tí ẹ tẹ̀ ni yóò bẹ̀ yín. Síbẹ̀, obìnrin òyìnbó tí òun àti àbúrò mi jọ pín ògiri kan náà fún ọdún mẹ́sàn-án kò mọ orúkọ rẹ̀. Mo kí i láàárọ̀, mo bèèrè àlàáfíà ará ilé rẹ̀, mo bèèrè bó ṣe sùn. Ó wò mí bí ẹni pé mo fẹ́ yá nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ó sáré ti ilẹ̀kùn. Mi ò jáwọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ó dúró, ó ní orúnkún òun náà ń dun òun, ó sì rò ó fún mi títí ẹsẹ̀ mi fi kú sórí ìdúró. Ẹnu ń yún wọn láti sọ̀rọ̀. Ẹni tí yóò kọ́kọ́ kí wọn ni kò sí.

Oúnjẹ ńkọ́? Búrẹ́dì wọn rọ̀ jù, ènìyàn á jẹ ẹ́ bí ẹni ń jẹ afẹ́fẹ́. Adìẹ wọn kò ní egungun. Ilé àbúrò mi ni mo ti ń jẹun, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ohun tó dùn mí ju oúnjẹ lọ ni pé mo di ẹni tí ọmọdé ń fọ̀nà hàn. Èmi tí mo kọ́ ìdajì àwọn ará àdúgbò wa ní ìwé kíkà, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà bọ́ọ̀sì, mi ò mọ ibi tí wọ́n ń fi káàdì kàn. Ọmọbìnrin kékeré kan gba káàdì lọ́wọ́ mi, ó bá mi kàn án, ó ní, "There you go, darling." Dálìn! Èmi Rábíátù! Mo jókòó.

Ọmọ ẹlẹ́nu gbọ̀ngbọ̀n

Ṣọ́ọ̀bù Muíbátù gùn, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Bí wọ́n ṣe ń ṣe ní Peckham ni pé ẹnì kan á gba ṣọ́ọ̀bù, á sì pín in fún àwọn ẹlòmíràn. Níwájú ni àbúrò mi ti ń ta gàrí, ẹ̀wà, ata àti ògì. Láàárín, ọkùnrin kan ń tún fóònù ṣe. Lẹ́yìn pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá ẹrù, fíríìjì onígíláàsì kan wà tó kún fún ìgò. Ẹni tó ni fíríìjì náà ń jẹ́ Dáíkì.

Ọmọ Japan ni, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ó rí tín-ín-rín, irun rẹ̀ sì máa ń dúró bí ti ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun. Omi funfun kan ló ń tà, tó ní ó dára fún ikùn. Bó ṣe ń ṣe é, mi ò mọ̀ nígbà náà, mi ò sì bèèrè. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ẹnu rẹ̀ ló sọ ọ́ di olókìkí. Ní àràárọ̀, á gbé fóònù kọ́ orí igi kan níwájú ṣọ́ọ̀bù, á sì máa bá gbogbo ayé sọ̀rọ̀. Rukáyá, ọmọ Muíbátù, tí wọ́n bí sí London, ló fi hàn mí. Dáíkì á ní ọ̀pọ̀ omi ìlera tí wọ́n ń polówó káàkiri, omi ṣúgà lásán ni. Á ní èyí tí òun fúnra òun tà lọ́sẹ̀ tó kọjá kò dára, kí ẹni tó rà á gbé e padà wá. Àwọn kan á yìn ín, àwọn kan á bú u, òun náà á bú wọn padà.

"Mummy Ìwó," ni Rukáyá wí, pẹ̀lú Yorùbá rẹ̀ tí kò lóhùn òkè tí kò lóhùn ìsàlẹ̀, "bọ̀bọ́ yẹn ò ní filter rárá. Ohun tó bá ti wá sí orí ẹ̀, ó máa sọ ọ́ ni, innit."

Mo rí i pẹ̀lú ojú mi. Bàbá kan wà, ọmọ ìjọ aláṣọ funfun, tó máa ń wá ra mọ́ọ̀tì fún àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé. Dáíkì wo páálí mọ́ọ̀tì tó gbé dání, ó ní, "Sà, ṣé ẹ mọ bí ṣúgà inú ìyẹn ti pọ̀ tó?" Àbúrò mi dijú. Bàbá náà ní, "Mo mọ̀. Ìwọ náà, ṣé o mọ̀ pé wọ́n máa ń bi ènìyàn léèrè kí ó tó dáhùn?" Ṣùgbọ́n ó ra ìgò kan lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní òun fẹ́ mọ ohun tí ẹlẹ́nu gbọ̀ngbọ̀n ń tà. Ní Sátidé kejì ó wá ra méjì. Ó sọ fún mi pé, "Alhaja, ọmọ yẹn ò mọ̀wàá hù, ṣùgbọ́n kò lábòsí."

Ọjọ́ kejì tí mo dé ni Dáíkì fún mi ní ìgò kan. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọwọ́ méjèèjì ló fi gbé e fún mi, ó sì tẹrí ba. Mo ní ta ló kọ́ ọmọ yìí nílé? Gẹ̀ẹ́sì kò ní "ẹ," ṣùgbọ́n bó ṣe tẹrí ba yẹn, mo gbọ́ "ẹ" níbẹ̀. Ó ní eléyìí kì í ṣe irú tí òun ń tà. Èyí tí òun ń tà, òun máa ń gbé e kaná kí ó lè pẹ́. Èyí wà láàyè, irú tí wọ́n ń mu nílé àwọn ni. Ó ti fi pébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan di ọrùn rẹ̀, ó sì kọ nǹkan sí i lára lédè wọn.

Mo gbé e délé, mo gbé e sétí. Ó ń hó. Mo ní hẹ̀n-ẹ́n, ohun tó ń hó láìsí iná lábẹ́ rẹ̀, èmi Alhaja kọ́ ni yóò mu ún. Muíbátù búra pé kì í ṣe ọtí. Mi ò gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀bùn ni, ẹ̀bùn kì í sì í ṣe ohun àdànù. Mo fi gèlè wé e, mo tì í sí ìsàlẹ̀ àpótí mi, nínú yàrá tó tutù jù nínú ilé náà.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Dáíkì bá mi níwájú ṣọ́ọ̀bù. "Mama, báwo ló ṣe rí?"

"Ó dùn!" ni mo wí. "Ó dùn gan-an ni! Mo mu ún tán."

Ojú rẹ̀ tàn. Ó gbé fóònù rẹ̀ sókè, ó ní kí n jọ̀wọ́ tún un sọ. Mo tún un sọ, mo tún gèlè mi ṣe, mo fi ọwọ́ pa ikùn. Kí ó tó di ìrọ̀lẹ́, Rukáyá ní àwọn ènìyàn ti ń wò mí káàkiri, wọ́n ní ẹ̀rín mi dára. Mi ò ní í tàn yín, inú mi dùn.

Ọwọ́ tí kò lè dilẹ̀

Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Bó ṣe ṣe mí nìyẹn.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, Rukáyá mú ìyá rẹ̀ lọ sí ọsibítù ní Lewisham kí wọ́n lọ wo orúnkún rẹ̀. Ọkùnrin alátùn-únṣe fóònù ń bá wọn wo iwájú. Dáíkì ti lọ kó ìgò fún àwọn oníbàárà ní Deptford. Èmi jókòó, mo ń wo ògiri. Ẹ mọ̀ mí, ọwọ́ mi kò lè dilẹ̀. Mo wọ yàrá ẹrù lọ láti pààrọ̀ omi ògì Muíbátù tó wà nínú báàkẹ́ẹ̀tì, bí mo ṣe ń ṣe ní àràárọ̀. Omi ẹ̀rọ yẹn tutù débi pé ìka mi kú.

Bí mo ṣe yíjú, mo rí ìgò gbàgbà márùn-ún lẹ́yìn àpò ìrẹsì, aṣọ funfun ni wọ́n fi bo ẹnu wọn. Omi funfun lókè, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ funfun nísàlẹ̀. Mo ṣí aṣọ. Kíkan ẹ̀ gbá mi nímú.

Ẹ̀yin ológì ẹgbẹ́ mi, kí lẹ máa rò? Mo ní, "Háà, Muíbátù! Ṣé bí ìyá wa ṣe kọ́ ọ nìyí? Ògì tó ti wà ńlẹ̀ láti ọjọ́ mélòó, o ò pààrọ̀ omi rẹ̀!" Mo da omi òkè nù, ìgò kan lẹ́yìn ìkejì. Mo fi omi ṣan ìsàlẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Nítorí pé ìka mi ti kú, mo yí ẹ̀rọ sí ọ̀dọ̀ omi gbígbóná. Ìyá mi ì bá gbá mi létí: a kì í fi omi gbígbóná pààrọ̀ omi ògì. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ní ó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni, mo sì rọ ọ́ sínú wọn dé ọrùn, ooru ń jáde lẹ́nu ìgò. Mo tún aṣọ wọn dè. Mo sì ń kọrin, nítorí mo ti ran àbúrò mi lọ́wọ́.

Mi ò tilẹ̀ rántí sọ fún Muíbátù nígbà tó dé.

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn náà, mo bá Dáíkì tó jókòó sórí àpò ìrẹsì nínú yàrá ẹrù. Ó gbé ọ̀kan nínú ìgò wọ̀nyẹn sórí itan bí ẹni gbé ọmọ. Òórùn ibẹ̀ ti yí padà. Kì í ṣe kíkan mọ́, ó ti ń rà. Mo dúró.

Mo ní, "Dáíkì, kí ni?"

Ó ní ó ti kú. Mo ní kí ló kú? Ìgbà yẹn ló wá ṣàlàyé fún mi. Omi tí wọ́n fi fọ ìrẹsì ni wọ́n fi ń ṣe é. Bí ẹ bá ti fọ ìrẹsì, ẹ ó bu díẹ̀ nínú ti àtijọ́ sí i, òun ni yóò mú un kan. Ti àtijọ́ yẹn ni wọ́n ń pè ní ìyá. Ìyá ìyá rẹ̀ ló tọ́jú tirẹ̀ láti ìgbà tó ti wà lọ́mọge. Nígbà tí màmá náà kú, àwọn ẹbí pín aṣọ, wọ́n pín àwo. Òun ní ìgò yẹn nìkan lòun fẹ́. Òun ló gbé wá sí London, inú rẹ̀ ni gbogbo èyí tí ó ń tà ti ń jáde.

"Mo pa ẹ̀rọ amúlémóoru yàrá yìí lọ́sẹ̀ tó kọjá," ni ó wí. "Mo ní kí n má jẹ́ kí owó iná tí Aunty Muíbátù ń san pọ̀. Òtútù ló pa á. Èmi ni mo pa á." Ó wojú mi, ó gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. "Yàtọ̀ sí ìwọ̀nyí, ìgò kan ṣoṣo ló tún wà láàyè nígbà náà, tiyín ni. Ó kúkú dára pé ẹ gbádùn rẹ̀, Mama."

Ilẹ̀ kò lanu kí ó gbé mi mì.

Ó ní lọ́la, láàárọ̀, òun yóò sọ fún àwọn ènìyàn òun lórí fóònù pé òun ti fi àìbìkítà pa ohun tí ìyá àgbà fi sílẹ̀, òun kò sì tà mọ́.

Ohun tí Muíbátù wí

Lẹ́yìn tí a kírun Alásàrì tán nílé, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún àbúrò mi: ti omi gbígbóná, ti ìgò inú àpótí. Ó gbá àyà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́! Ẹ mọ ẹnu ọmọ yẹn. Bàbá àgbàlagbà tó ń ra mọ́ọ̀tì gan-an, kò dá a sí. Á gbé e sórí fóònù pé màmá kan láti Nàìjíríà da ohun ìní òun nù nínú ṣọ́ọ̀bù Muíbátù. Á fi fídíò tí ẹ ti ń fi ọwọ́ pa ikùn hàn wọ́n. Ta ni yóò tún ra ògì lọ́wọ́ mi? Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń kọ́ orúkọ yìí. Ẹ ṣáà wò ó, ọ̀sẹ̀ méjì péré ló kù, ẹ ó padà sílé."

Òótọ́ ló sọ. Òun ni yóò kù síbẹ̀. Mo bojú wo orúnkún rẹ̀ tí wọ́n fi báńdéèjì dì, ojú tì mí, ẹ̀rù sì bà mí.

Ṣùgbọ́n ohun kan kò jẹ́ kí n jẹun. Ọmọ yẹn kì í parọ́ fún ẹnikẹ́ni. Bí ọ̀la bá mọ́, yóò dúró níwájú gbogbo ayé, yóò ní òun ló pa á. Irọ́ ni yóò jẹ́, òun kò sì ní í mọ̀. Èmi ni mo fi irọ́ yẹn sí i lẹ́nu. Èmi tí mo máa ń na ọmọ nílé ìwé nítorí irọ́!

Mo ní, "Muíbátù, mo pọ̀n ọ́ rí. Jẹ́ kí n gbé eléyìí náà."

Ó dìde tìrọ́tìrọ́, ó wọ yàrá lọ, ó fa àpótí mi jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ọwọ́ méjèèjì

Láàárọ̀, mo dé ṣọ́ọ̀bù kí Dáíkì tó gbé fóònù rẹ̀ kọ́ igi. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìgò náà fún un.

Ó wo pébà ọrùn rẹ̀, pébà tí òun fúnra rẹ̀ fi dè é, kò já. Ó wò mí. Ó tún wo pébà.

Mo sọ ọ́ tààrà, kí n má baà yà sọ́tùn-ún tàbí sósì. Mo ní èmi ni mo da omi rẹ̀ nù. Mo ní ògì ni mo pè é. Mo ní omi gbígbóná ni mo rọ sí i. Mo ní mi ò mu èyí tó fún mi rárá, ẹnu mi kò kàn án, mo parọ́. Mo ní, "Má bínú, ọmọ mi." Orúnkún mi ti ń tẹ̀ nílẹ̀ kí n tó mọ̀. Òun náà ti tẹrí ba, ó tẹ̀ débi pé irun rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀, ìgò wà ní ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lókè. Ọkùnrin alátùn-únṣe fóònù dá iṣẹ́ dúró, ó ń wò wá.

Nígbà tó nàró, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó ní, "Kí ló dé tí ẹ sọ pé ó dùn?"

Mo ní, "Ọwọ́ méjèèjì lo fi fún mi. Ní ilé wa, ẹni tó bá fi ọwọ́ méjèèjì fún ọ ní nǹkan, o ò ní í sọ pé o kò fẹ́."

Ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni nílé àwọn. Ó ní bí ìyá àgbà òun ṣe ń ṣe nìyẹn: gbogbo oúnjẹ ló dùn, gbogbo ọjọ́ ló dára. Inú ń run ún, ó ní kò sí nǹkan kan. Wọ́n bi í ní àràárọ̀, ó ní ara òun le. Nígbà tí dókítà yóò fi rí i, ẹ̀pa kò bóró mọ́. "Láti ọjọ́ yẹn," ni ó wí, "mo ní èmi kò ní í sọ pé nǹkan dára bí kò bá dára. Àní bí àwọn ènìyàn bá kórìíra mi."

Mo sunkún. Kí ni mo fẹ́ fi pamọ́ fún yín? Mo sunkún láàárín àpò gàrí, ní Peckham.

Ó já pébà náà. Ìgò náà dún "ṣìì," ìfófòó yọ lẹ́nu rẹ̀, ọmọ náà sì pariwo lédè wọn, ariwo ayọ̀ ni, ó kan gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Ó ṣì wà láàyè! Ó da èyí tó pọ̀ jù sínú omi ìrẹsì tuntun. Ó bu ìwọ̀n díẹ̀ sínú kọ́ọ̀bù, ó gbé e fún mi. Ó ní, "Báyìí, ẹ sọ òótọ́."

Mo ní Bísímílà, mo mu ún. Ẹ̀yin ará ilé, omidùn ni! Omidùn pọ́ńbélé, omi orí ògì tí ìyá mi fi ń rẹ àgbo fún wa. Mo ti rìn dé òpin ayé láti lọ máa sá fún ohun tó wà nínú ìkòkò mi.

Mo ní, "Ó kan. Kò dùn rárá. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Kò gbé fóònù kọ́ igi lọ́jọ́ náà. Muíbátù ń ṣọ́ ọ, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Lọ́jọ́ kẹta, Rukáyá ní fídíò mi ti kúrò níbi tó wà, Dáíkì kò sì sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Mo bi í. Mo ní, "Ìwọ tó ń sọ gbogbo nǹkan, kí ló dé tí o kò sọ èyí?"

Ó ní, "Tèmi ni mo máa ń sọ. Èyí, tiyín ni."

Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń kà á níbí.

Ẹni tí wọ́n gbà gbọ́

Ó kù ọjọ́ mẹ́wàá kí n padà. Ní gbogbo àárọ̀, èmi àti ọmọ yẹn ni a jọ ń bẹ̀rẹ̀ mọ́ ìgò nínú yàrá ẹrù. Á ní, "Mama, ṣé ó dára?" Èmi á gbé etí lé e bí ìyá mi ṣe ń gbé etí lé ìkòkò. Mo ní, "Kò tíì dára." Lọ́jọ́ kejì, "Kò tíì dára." Ó dùn mí láti sọ ọ́. Mo rí bí èjìká rẹ̀ ṣe ń wálẹ̀. Nígbà mìíràn ahọ́n mi á fẹ́ ṣe é ní sùúrù, kí n ní ó kù díẹ̀. Mo fi eyín mú un.

Lọ́jọ́ karùn-ún, mo gbé etí lé e, mo gbọ́ ọ. Ó ń sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ nísàlẹ̀.

Mo ní, "Ó ti dára."

Ọmọ yìí, tó máa ń ki pébà tí wọ́n fi ń wọn bí nǹkan ṣe kan tó bọ gbogbo ìgò kí ó tó gbà, tó máa ń tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀mẹta, kò tọ́ ọ wò. Kò mú pébà. Ó kàn dìde, ó kó ìgò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ọ́.

Lọ́jọ́ tí mo ń bọ̀, ó fún mi ní ìgò kan, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e. Mo gbé e sínú báàgì ọwọ́ mi, mi ò sì rántí òfin wọn. Ní pápákọ̀ òfurufú, ọkùnrin aṣọ́bodè kan fà á yọ. Ó bẹ̀ mí dáadáa, bí wọ́n ṣe máa ń bẹ̀ ènìyàn níbẹ̀. Ó ní omi kò lè kọjá. Kí n jọ̀wọ́ jù ú sínú ike yẹn, tàbí kí n mu ún.

Àwọn ènìyàn tò sẹ́yìn mi. Mo já pébà ọrùn rẹ̀, mo fi í sínú àpò mi. Mo dúró síbẹ̀, mo mu ún, ojú mi ń hun jọ, omi ń bọ́ lójú mi. Aṣọ́bodè náà ń wò mí tìyanu-tìyanu. Ó ní, "Ṣé ó dùn ni, Mà?"

Mo ní, "Rárá, kò dùn." Mo sì mu ún tán.